Ìtàn Lívia fún Kíláàsì Kejì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Ẹrẹ́nà
Mo bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìtàn ìgbésí ayé Lívia Fenyő, ọmọ Júù tó gbé àdúgbò wa yìí, tí àwọn Násì pa lọ́dún 1944. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, bíi tàwọn ọmọ kíláàsì mi. N ò tíì dárúkọ ikú. Mo sọ ti ajá rẹ̀, ti eyín iwájú rẹ̀ tó ká, ti bó ṣe kórìíra ọbẹ̀ ẹja. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Mo dé ibi ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ní kí àwọn Júù rán mọ́ aṣọ. Ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti bá Lívia jókòó mọ́. Kincső — Ẹlẹ́nu Mímú mi — ní, “Tíṣà, ta ló ní kí wọ́n má bá a jókòó?” Mo ní òfin ni. Ó ní, “Ó dáa.”
“Ó dáa” yẹn ò dùn mọ́ mi létí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Orí fífọ́. Òjò.

Ẹtì, 7
Ìyá Jẹ́jẹ́, ọ̀gá ilé ìwé wa, pè mí. Bàbá ọmọ kan ti jágbe mọ́ ọn lórí fóònù. “Jẹ́jẹ́, àbúrò mi. Má dé ibi ọkọ̀ ojú irin tó kó wọn lọ síbi ikú. Ọmọdé ni wọ́n.”
Mo gbà. Ìtàn wá dúró sáàárín. Wọ́n ti mọ òfin. Wọn ò mọ ibi tó já sí.

Ajé, 10
Wọ́n ń ṣeré “Lívia” ní àgbàlá. Inú mi dùn — àfìgbà tí mo rí ẹni tí wọ́n fi ṣe Lívia. Zsanett. Òun nìkan ni ọmọ Roma, ẹ̀yà tí wọ́n máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú níbí, ní kíláàsì. Wọ́n lẹ bébà ìyeyè mọ́ ọn láyà. Òun nìkan lórí bẹ́ǹṣì.
Mo já bébà náà.
“Eré ni, Tíṣà! Òun náà gbà!” Kincső nìyẹn.
Zsanett ní, “Mo gbà.” Kò wojú mi.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo sọ gbogbo rẹ̀. N ò tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ojú irin. Pé Lívia àti ìyá rẹ̀ ò padà wá. Pé ará ìlú yìí dúró, wọ́n ń wòran. Pé wọ́n kó àwọn Roma lọ pẹ̀lú. Kincső sunkún títí ó fi ń ṣe òsúkè. Zsanett ò sunkún. Ó rọra ń kó pẹ́ńsù rẹ̀ sínú báàgì.

Ọjọ́rú, 12
Zsanett ò wá. Mo lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.
“Tíṣà, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní kí n di tèmi náà. Ó ń bi mí pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ wá kó wa.”
Mo ní kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀.
“Ẹ wọlé, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ fún un.”
Zsanett jókòó sórí ẹrù rẹ̀, tòun ti kóòtù, tòun ti bàtà. Mo sọ fún un. Ó gbọ́ mi tán.
“Tíṣà, ẹ búra.”
Mo ti délé. N ò tíì búra.