Ẹni Tí Yóò Túfọ̀ Mi

Èmi, Jedidiah Túbọ̀sún Ṣówùnmí, ọmọ Ìtòkò ní ìlú Abẹ́òkúta, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó, ọkọ Adépéjú tó ti sùn nínú Olúwa, bàbá Olúkẹ́mi àti Ọpẹ́olúwa, ni mo ń ṣe ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, orúnkún mi ló sì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi orúnkún ronú. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì fi oúnjẹ tàn mí. Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo bá ti kọ ṣáájú eléyìí, mo wọ́gi lé e.

Mo yan Olúkẹ́mi ọmọbìnrin mi, tó ń ṣe tíṣà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, àti agbẹjọ́rò mi, Rodiat Ṣéhù, láti mú ohun tí mo kọ síbí ṣẹ. Agbẹjọ́rò náà ní kí n kọ ohun tí mo ní àti ẹni tí mo fún, kí n má fi ìtàn kún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ ìwé bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ. Èyí tí mo máa kọ gbẹ̀yìn, bó ṣe wù mí ni n ó kọ ọ́.

Abala Kìíní: Ilé mi

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi ní Ìtòkò, mo fún àwọn ọmọ mi méjèèjì. Olúkẹ́mi ló ni ìsàlẹ̀, Ọpẹ́olúwa ló ni òkè. Wọn kò gbọdọ̀ tà á, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹni tí yóò fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì aláriwo.

Ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ òmíràn sínú ilé. Adépéjú bẹ̀ mí nítorí ọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Owó tí ìbá kọ́ ọ wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, àmọ́ ìpín ìdókòwò ni mo fi rà. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé owó náà yóò bímọ. Owó náà bímọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú òjò ni obìnrin yẹn ti ń dáná fún mi ní gbogbo ìgbà tí owó fi ń bímọ. Ó ń dùn mí pé ó di ìgbà tí kò sí láyé kí n tó mọ̀ pé agboolé mi ló yẹ kí n kọ́kọ́ dókòwò sí.

Abala Kejì: Ìpín mi nínú àwọn ilé iṣẹ́

Gbogbo ìpín ìdókòwò mi, kí Olúkẹ́mi àti Ọpẹ́olúwa pín in dọ́gba. Láyé àtijọ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí onírin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo máa ń ṣí i ní ọjọ́ Sátidé, kí n kàn wò wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní gbogbo ìwé ti wọnú kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, Olúkẹ́mi a fi àtàǹpàkò tẹ fóònù rẹ̀, yóò sì sọ iye tí mo tó fún mi níbi tó jókòó sí. Mi ò ní ẹjọ́ sí i. Ó kàn jẹ́ pé n kò ní ohun tí mo lè máa ṣí wò mọ́.

Ìkìlọ̀ mi fún yín ni pé kí ẹ má ṣe gbé owó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní yóò di ìlọ́po méjì kí oṣù tó parí. Ẹ rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dá kóòtù wọ̀, tó wá bá àwa ọkùnrin ìjọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, tó ní fóònù nìkan la nílò láti di olówó. Mo dìde, mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní kí bàbá jókòó, pé ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà. Ìdajì ẹgbẹ́ akọrin ló bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi dùn lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà fọ́. Èmi tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ lórí owó, n kò mọ ibi tó yẹ kí n wà lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kú. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Abala Kẹta: Rédíò mi

Rédíò mi tó ń lo bátìrì, mo fún Láwàlì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta páànù ní Láfẹ́nwá. Agbẹjọ́rò ti kọ́kọ́ ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó sì ti di bírò mú kó tó béèrè bóyá nǹkan kan wà tí òun máa pàdánù. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kì í jogún. Kíá ló ju bírò sílẹ̀. Ó ní, “Jẹdi, rédíò mi ńkọ́?” Ó ti ń pè é ní rédíò òun kí n tó kú.

Bó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, àwa méjèèjì la jọ máa ń gbọ́ ìròyìn, tí a ó sì máa bá asọ̀ròyìn jà bí ẹni pé ó ń gbọ́ wa. A tún máa ń gbọ́ ìkéde àwọn olóògbé. Ìkéde yẹn kì í yọ wá lẹ́nu, nítorí a mọ̀ pé kí orúkọ ẹnikẹ́ni tó dé orí rédíò, ẹbí rẹ̀ ti gbọ́, wọ́n ti sunkún, wọ́n ti nu ojú nù, kí wọ́n tó rán ẹnì kan pé kó gbé ìwé lọ. Ọ̀rọ̀ ikú ní ìlànà. Fóònù tó dé kò bi ìlànà kankan léèrè. Ó ń sáré ju ẹsẹ̀ àgbà lọ.

Abala Kẹrin: Tòlótòló

Tòlótòló tí Adépéjú ń sìn, mo fún Olúkẹ́mi. Ẹyẹ náà kò fẹ́ràn mi rí. Títí di òní, bó bá rí mi, yóò wú, yóò sì máa pariwo bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Mi ò tà á, mi ò pa á, nítorí òun nìkan ló ń bínú sí mi ní gbangba nínú ilé yẹn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣe é. Kí ẹ má fi ṣe oúnjẹ níbi òkú mi.

Abala Karùn-ún: Fóònù mi

Fóònù mi, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, Ọpẹ́olúwa ọmọkùnrin mi tó ń gbé ní Àgége ni mo fún. Kí ẹnikẹ́ni má pa ohunkóhun rẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀, èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Adépéjú wà ní ọsibítù, dókítà sì ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ó wá bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé ọdọọdún àwa tí a ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan ní Èkó. N kì í pa ìpàdé yẹn jẹ. Àwa onípìn-ín kéékèèké fẹ́ràn ká dìde, ká bi àwọn ọ̀gá léèrè ìdí tí èrè fi kéré, lẹ́yìn náà ká gba àgboòrùn tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí àti oúnjẹ inú páálí, ká máa lọ sílé. Adépéjú fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ. Ọpẹ́olúwa jókòó tì í. Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, alága ní ká pa fóònù. Mo pa tèmi, mi ò sì rántí tàn án mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyàwó mi kú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í dédé túfọ̀ ìyá rẹ̀ fún bàbá. Àgbà là ń rán. Nígbà tí Ọpẹ́olúwa pè mí títí tí kò wọlé, ó pe Láwàlì, bó ti yẹ kí ọmọ tí a kọ́ ṣe. Láwàlì ní, “Fi bàbá ẹ sílẹ̀ fún wa. A ti wà lórí ẹ̀.” Ó kó àgbà méjì dání, wọ́n lọ ń dúró dè mí ní ibùdó rélùwéè, kí wọ́n lè sìn mí délé, kí wọ́n fún mi lómi mu, kí wọ́n sì gba ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ náà rò pé wọ́n ti sọ fún mi. Ó gbé àwòrán ìyá rẹ̀ sórí fóònù, ó fi àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ìyá òun ti lọ.

Èmi ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ará ìjọ wa kan, tí a jọ ti ìpàdé bọ̀, jókòó ní iwájú mi, ó ń wo fóònù rẹ̀. Ó wò mí. Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, “Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Màmá ti lọ sinmi. Ọlọ́run á dá ẹ̀yìn sí.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé màmá wo. Ó na fóònù náà sí mi, mo sì rí ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Ọ̀nà ilé ṣì jìn. Mo jókòó láàárín èrò, páálí oúnjẹ wà lórí itan mi, títí a fi dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Láwàlì ń ṣe ẹ̀rín músẹ́, ó ń béèrè bí ìpàdé ṣe lọ. Mo ní kó panu mọ́, mo ti gbọ́.

Ilé ni mo ti tan fóònù. Àwọn ìpè Ọpẹ́olúwa tò lé ara wọn níbẹ̀. Lábẹ́ wọn ni ohùn Adépéjú wà, tó fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà: “Bàbá Olúkẹ́mi, ẹ gba àgboòrùn tèmi náà wá o. Ọdọọdún lẹ máa ń gba ẹyọ kan.” Ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ọpẹ́olúwa, torí ohùn yìí ni mo ṣe fún ọ ní fóònù náà.

Abala Kẹfà: Ìsìnkú mi

Ní ọjọ́ tí a sin Adépéjú, níwájú àlùfáà àti gbogbo ìjọ, mo gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Ọpẹ́olúwa lẹ́bàá sàréè. Mo ní ẹni tó ti sin ìyá rẹ̀ sórí fóònù kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ó máa ń fi àdúrà àti àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sí mi ní àràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Èmi náà a kọ ọ́ pé “Àmín.” A kò bá ara wa sọ ju ìyẹn lọ.

Ilẹ́yá tó kọjá ni mo lọ kí Láwàlì nílé, tí ọ̀rọ̀ wá já sórí ọjọ́ yẹn, tó sì sọ ohun tí òun bá Ọpẹ́olúwa sọ lórí fóònù. Ó rò pé mo ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Mi ò mọ̀. Ọpẹ́olúwa kò sọ fún mi rí, nítorí bó bá gba ara rẹ̀ sílẹ̀, Láwàlì ni ẹjọ́ yóò dá lé lórí, ọmọ tí mo tọ́ kò sì ní fi ẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ àgbà. Ẹ̀kọ́ tí mo fún un ló pa á lẹ́nu mọ́. Mo gbé ìrẹsì Ilẹ́yá náà sílẹ̀, mo sì dìde lọ sílé.

Nítorí náà, mo pàṣẹ pé Ọpẹ́olúwa ni yóò túfọ̀ mi. Kí Olúkẹ́mi, Láwàlì àti gbogbo ìjọ di ẹnu wọn mú títí tí òun yóò fi sọ ọ́. Bó bá wù ú kó gbé àwòrán mi sórí fóònù, kó gbé e, kó sì mú èyí tó bá wù ú. Òun ni yóò kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè mi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

Abala Keje: Àfikún

Mo rò pé mo ti parí. Agbẹjọ́rò Rodiat ka abala kẹfà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yìn ìsìnkú la máa ń ka ìwé yìí o. Kí wọ́n tó ṣí i, ẹlòmíì á ti túfọ̀ yín, wọ́n á ti da yẹ̀pẹ̀ bò yín tán.” Ojú tì mí. Gbogbo bí mo ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, ṣe ni mo ń wá ọ̀nà tí n ó fi bẹ ọmọ mi nígbà tí kò ní lè wo ojú mi mọ́.

Mo wá fi èyí kún un. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin sí Àgége. Ọpẹ́olúwa kò mọ̀ pé mo ń bọ̀. Mi ò ní fi fóònù sọ ọ́. Bó bá ṣílẹ̀kùn, n ó sọ fún un pé mo ti mọ̀, pé kò jẹ̀bi, pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá sàréè ìyá rẹ̀. Wọ́n ní bàbá kì í bẹ ọmọ. Èmi yóò bẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà, n ó gbé abala kẹfà fún un kó kà á níṣojú mi, kó sì sọ bóyá òun yóò lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí kò bá gbà, gbogbo ohun tí mo fún un ṣì jẹ́ tirẹ̀. Mi ò fi ilé ra àforíjì.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí lórí àga èrò ní ibùdó rélùwéè Abẹ́òkúta, ní àárọ̀ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, nítorí agbẹjọ́rò mi ní òun kò ní jẹ́ kí n wọkọ̀ láìfọwọ́sí i.

J. T. Ṣówùnmí

Àwa méjèèjì jọ wà níbẹ̀, a fi ojú wa rí i bó ti fọwọ́ sí i. A kò ní ìpín nínú ogún rẹ̀.

Bólúwatifẹ́ Ọládọ̀tun, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní ibùdó.

Màríámù Àfúsá, èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Mo bá bàbá di báàgì wọn mú wọnú ọkọ̀. Wọ́n bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ pe ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀.