Ìborùn Pupa ní Èbúté

New York, oṣù Kẹta, 1926

Gobnait, aya mi,

Ara mi le koko. Ẹ̀rọ ńlá tí mò ń ṣọ́ ń yí bí òkòtó, ó ń sọ iná mànàmáná di irú èyí tí ọkọ̀ ojú irin ń lò. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ mi lára. Bí mo bá gbọ́wọ́ lé e, mo mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá.

Lánàá, ọ̀gá wa gbá mi léjìká: "Tadhg, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́. Ṣé ìyàwó lò ń rò ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ọkọ̀ òkun yín bá gúnlẹ̀ síbí lóṣù tó ń bọ̀, má pariwo orúkọ mi. Ìborùn pupa rẹ ni kí o máa fì sókè. Kí Méabh ọmọ wa tọ́jú orin tó kọ́ dè mí. Màá gbá a mọ́ àyà kó tó kọ ọ́, kí àyà mi lè bá mi gbọ́ ọ.

Bá mi kí ìyá rẹ.

Tadhg, ọkọ rẹ