Eyín Tí Wọn Ò Yọ

Ọjọ́rú, Wulari, Maiduguri

Wọn ò yọ eyín mi. Kí Bọ̀dá Rájí, aládùúgbò wa tó ń ta bàtà ní àdúgbò Lamisula, lọ gbọ́ ìyẹn.

Látìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú ló ti ń pariwo: "Yọ ọ́ dànù! Tí wọ́n bá gbẹ́ inú eyín, ọpọlọ ni wọ́n máa gún, wallahi." Ta ló kọ́ ọ? Ẹnu tiẹ̀ gan-an, àlàfo ló pọ̀ níbẹ̀.

Dókítà ní ẹran inú eyín ló ti jẹrà. Ó fọ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, ó sì dí i. Abẹ́rẹ́ nìkan ló dùn mí.

Nírọ̀lẹ́, Bọ̀dá dé, ó tan iná fóònù sí mi lẹ́nu. "Irọ́ ni! Eyín yìí ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò tọ́jú ẹ rárá."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

Àánú ìyàwó rẹ̀ tó ń gbọ́ irú èyí lójoojúmọ́ ló ṣe mí.