Orúkọ tí Mo Ń Jẹ́ Lórí Fóònù

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún
Òfin tuntun dé láti Paris, olú ilé-iṣẹ́ wa. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín níbi iṣẹ́ nítorí bó ṣe mọ ara rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn!

Mondher, orúkọ ọkùnrin, ló wà lórí káàdì ìdánimọ̀ mi. Yosr ni mí, obìnrin ni mí. Lórí fóònù, Claire — gbogbo wa níbí ló ní orúkọ Faransé tí a fi ń dá oníbàárà lóhùn, kí wọ́n má baà mọ̀ pé Tunis la jókòó sí. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni àwọn àlejò ń pè mí ní madame. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń jí.

Ọjọ́rú, 8
Àkùkọ — Chokri, ọ̀gá ìsọ̀rí wa — tún ṣe é. Mo ń bá ìyá arúgbó kan ní Lille sọ̀rọ̀. Àkùkọ na ẹnu sí ẹ̀rọ tí mo fi ń sọ̀rọ̀, ó ké: "Mondher! Fá irùngbọ̀n ẹ o!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà béèrè ta ló ń pariwo. Mo ní tẹlifíṣàn ni.

Wafa tó jókòó tì mí ní kí n kọ̀wé fẹ̀sùn kàn án. Mo ní bí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Ó ní: "Àbúrò mi, àbí ẹ̀rọ kọfí ni wọ́n ṣòfin fún ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Mo ti kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ní orúkọ orí káàdì ni kí n kọ. Mo kọ Mondher. Wafa fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí mi.

Ọjọ́rú, 15
Kò sí èsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21
Madame Besma, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè mí. Ó bu tíì fún mi, ó tilẹ̀kùn. Ó ṣí òfin náà sí ojú ewé kejì — ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri! — ó fi ìka tọ́ ìlà tó kẹ́yìn: níwọ̀n bí òfin ìlú bá ti gbà.

"Òfin ìlú wa ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ó gba irú ìyẹn ni? O ti fọwọ́ ara ẹ kọ ohun tó o jẹ́ sílẹ̀. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá ńkọ́?"

Ṣé àánú mi ló ṣe é ni, àbí ó ń halẹ̀ mọ́ mi? Mi ò mọ̀. Mo ní kó dá ìwé mi padà. Ó ní ó ti wà nínú fáìlì. Chokri náà ti gba ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Wọ́n mú mi kúrò lórí fóònù. "Nítorí ààbò rẹ." Ẹ̀yìn pákó tí wọ́n fi pín yàrá ni mo wà báyìí, mò ń fèsì lẹ́tà oníbàárà. Orúkọ tí wọ́n ní kí n máa fi fọwọ́ sí i — Julien, orúkọ ọkùnrin. Àkùkọ ní: "Orúkọ Faransé ṣáà ni, kí ló tún kù?"

Wọ́n pe Wafa náà. Láti ìgbà náà, kò wojú mi mọ́. Ọmọ méjì ló ń tọ́; mi ò bínú sí i. Irọ́ ni. Mò ń bínú.

Ọjọ́ Ajé, 27
Ọmọbìnrin tuntun wà lórí ìjókòó mi. Wafa ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ní aago mẹ́wàá, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó: "Ẹ káàárọ̀, Claire ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Mo ti dìde kí n tó rántí pé èmi kọ́ ni Claire mọ́.

Àkùkọ rí mi. Kò pariwo lónìí. "Jókòó, Julien."

Mo jókòó.