Ewé Méje Nínú Ìwé Mórẹ́nikẹ́

Màámi ọ̀wọ́n,

Tí ẹ bá wà láyé tí mo kọ lẹ́tà sí yín, èmi náà ni ẹ máa gbé e fún pé kí n kà á, mo sì lè fo ibi tí kò bá wù mí. Ní báyìí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ fo nǹkan kan mọ́. Orí mi dàrú, Màámi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè bi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín. A ti pààrọ̀ páànù ìsọ̀ yín ní Sábó, kò jò mọ́. Ìyá Sìdí tí ẹ jọ ń ṣa obì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé agbọ̀n òfìfo sí àyè yín, ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á lé e. Èmi náà ti kọ ìwé kan. Ìtàn àròsọ ni, fún àwọn ọ̀dọ́, irú èyí tí mo máa ń kà fún yín. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sìmbí ló wà nínú ẹ̀, òun àti ìyá ẹ̀ tó ń ta ẹja ní Ìperu.

Olóòtú tó fẹ́ bá mi tẹ ìwé náà dá a padà. Ó ní ìtàn náà dùn, àmọ́ Sìmbí kì í ṣe ènìyàn. Ó ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti dun ọmọ náà, ìgbálẹ̀ ló ń mú. Ìyá ẹ̀ já a kulẹ̀, ó gbálẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ dalẹ̀ ẹ̀, ó gbálẹ̀. Ó ní ibo ni mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tínú ẹ̀ mọ́ tó báyìí. Ó fún mi di ìparí oṣù. Tí Sìmbí ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bínú kó tó dìgbà yẹn, òun ò ní tẹ ìwé náà.

Mo kọ́kọ́ sọ lọ́kàn mi pé kí ni obìnrin yìí mọ̀. Mo wá jókòó, mo ka ìgbálẹ̀ inú ìwé mi, mọ́kànlá ni. Ẹ̀rín pa mí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi dá, torí mo mọ ibi tí ìgbálẹ̀ yẹn ti wá.

Ẹ rántí Mórẹ́nikẹ́. Báwo lẹ ṣe máa gbàgbé ẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lèmi náà nígbà tí mo yá ìwé yẹn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, tí mi ò dá a padà fún un títí dòní. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ ò kàwé, àmọ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ju oúnjẹ lọ. Tí mo bá ti ilé ìwé dé láti Ìkẹ́nnẹ́, màá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀yin àti Ìyá Sìdí á máa bó obì, ẹ ó máa ṣà á, èmi á máa kàwé, màá máa yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìtàn, ẹ máa dá iṣẹ́ dúró, ẹ ó ní, Lèsí? Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́, ilé tó ti wá, ṣé ó máa ń kí ènìyàn. Tí ẹ ò bá tíì mọ inú ẹ̀, ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ síwájú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Mórẹ́nikẹ́ gidi, èyí tó wà nínú ìwé, orí ẹ̀ kunkun díẹ̀. Aránṣọ ni ìyá ẹ̀, ó sì ń tijú ìyá ẹ̀. Ó máa ń jan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó ń fi pa mọ́ pé ì bá wu òun kó jẹ́ ìyá ẹlòmíì ló bí òun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kan irú ibẹ̀, mo wo ojú yín, mo wo ọwọ́ yín tí oje obì ti sọ di pupa rẹ́súrẹ́sú, ahọ́n mi ò gbé e. Mo ṣí ojú ewé méjì pọ̀. Mo ní Mórẹ́nikẹ́ mú ìgbálẹ̀, ó gbá yàrá ìyá ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti jan ilẹ̀kùn, èmi á ní ó gbálẹ̀, àfi bíi pé káńsù ló gba ọmọ náà síṣẹ́. Ẹ sì fẹ́ràn ẹ̀ kọjá sísọ. Ọmọ tó bá yájú sí ìyá ẹ̀ ládùúgbò wa nígbà yẹn, ẹ ó bi í pé ṣé bí Mórẹ́nikẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ Mórẹ́nikẹ́ rí, àmọ́ wọ́n kórìíra ẹ̀.

Irọ́ máa ń gbẹ mí lọ́fun. Tí mo bá ti fo ibì kan tán, màá ní òùngbẹ ń gbẹ mí, màá na ìwé náà sí yín pé kí ẹ bá mi dì í mú ní ṣíṣí, màá lọ mu omi. Mi ò ro nǹkan kan sí i. Mo rò pé ẹni tí ò mọ̀wé kà, kò sí ohun tó fẹ́ rí nínú ìwé.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n pè mí fún ẹ̀bùn nílé ìwé. Ẹ̀bùn ẹni tó mọ ìwé kà sókè jù ni. Wọ́n ní kí n mú ìwé ìpè wá fún òbí mi, ẹ sì gbé e fún mi padà pé kí n kà á. Ọjọ́rú, Àlàrùbá tiyín, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ka Àlàmísì, ọjọ́ kejì ẹ̀. Mi ò ronú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, ẹnu mi ló ṣáà sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ ti ìgbálẹ̀. Mo ti rí ìyá àwọn ọmọ kíláàsì mi lójú inú, pẹ̀lú bàtà gogoro wọn, mo wá rí ẹ̀yin láàárín wọn pẹ̀lú ọwọ́ yín, tí ẹ ń na ìka sí ọ̀gá àgbà, tí ẹ ń bèèrè sókè pé Lèsí. Mi ò fẹ́ kí ẹ wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà míì tí mo lè gbà sọ ọ́, kò sí.

Mo gba ẹ̀bùn mi ní Àlàrùbá, mo fi í pa mọ́ sílé ọ̀rẹ́ mi ní Ìperu. Ní Àlàmísì, mo wọ aṣọ ilé ìwé, mo jáde ní kùtùkùtù, mo lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ yẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ti to irọ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó délé: wọ́n ti ṣe é tán kí ẹ tó dé, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíì, ìwé ìpè ni wọ́n kọ ṣì. Ẹ ò jẹ́ kí n lo ọ̀kan. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí ẹ ti ń bẹ̀ mí. Ẹ ní àwọn àgbẹ̀ Ìpara ló ránṣẹ́ pàjáwìrì pé obì ti délẹ̀, pé ọ̀hún lẹ wà látàárọ̀, kí n jọ̀ọ́ kí n má bínú pé ẹ ò lè wá. Ẹ gba ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n fún mi, ẹ gbé e lérí, ẹ ṣàdúrà títí. Èmi náà fajú ro díẹ̀. Mo wá ní ó ti tán, mo ti dárí jì yín.

Màámi, èmi ni mo dárí jì yín.

Lẹ́yìn fídáù yín, mo ń palẹ̀ àpótí yín mọ́, mo rí ìwé Mórẹ́nikẹ́ lábẹ́ ìborùn tí ẹ fi ń kírun. Ewé gbòdògì gbígbẹ, irú èyí tí ẹ fi ń tẹ́ inú agbọ̀n obì, wà láàárín ẹ̀, ẹ ti ya á ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Méje ni. Mo ṣí ti àkọ́kọ́, ibi tí Mórẹ́nikẹ́ ti jan ilẹ̀kùn ni. Mo ṣí ìkejì, ibi tó ti ń kọ̀wé ìkọ̀kọ̀ nípa ìyá ẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀, mo ṣí àwọn tó kù. Gbogbo ibi méjèèje tí mo fò pátá, kò sí ọ̀kan tí ẹ ṣì.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Ìyá Sìdí. Ó ní bí mo bá ti lọ mu omi báyìí, ẹ ó ya ewé, ẹ ó fi há a. Ó bi yín lọ́jọ́ kan pé kí lẹ ń fi ìyẹn ṣe, ẹ ní ibi tí ọwọ́ ọmọ yìí ti yá nìyẹn. Ẹ ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá rántí bí ẹ ṣe ń ṣa obì. Ẹ máa ń yí i lẹ́ẹ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó ti mọ̀ pé kòkòrò wà nínú ẹ̀. Ẹ kì í là á wò, ẹ kì í pariwo ẹ̀ lé àgbẹ̀ tó tà á lórí. Ẹ kàn máa ń fi í sínú igbá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó mú òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ti ọjọ́ ẹ̀bùn fún Ìyá Sìdí. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ní Àlàmísì yẹn, ẹ wọ aṣọ Iléyá yín, kò sẹ́ni kankan nínú ọgbà ilé ìwé àfi ewúrẹ́ àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Bàbá náà ló sọ fún yín pé àná ni, pé ilé ìwé ti wọ ìsinmi. Ẹ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu géètì, ẹ ya obì fún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ bọ̀ lẹ ti sọ fún Ìyá Sìdí pé tẹ́nikẹ́ni bá bèèrè, Ìpara lẹ lọ.

Ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ fi ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú họ ọwọ́ yín, kó lè mọ́ kó tó di ọjọ́ náà. Mo rántí òórùn ọsàn yẹn nínú ilé, Màámi. Mo tiẹ̀ bi yín pé ta ló ń wúkọ́. Ẹ ní ẹ̀yin ni.

Kò yé mi. Ṣé ẹ wá ẹni tó ka àwọn ibi méje yẹn fún yín? Àbí ẹ kàn mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀? Tí ẹ bá mọ̀, kí lẹ wá ń yin Mórẹ́nikẹ́ sí létí mi? Ṣé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí ẹ ń bẹ̀ mí? Ibo lẹ kó ìbínú tiyín sí? Láyé mi, mi ò rí i. Lọ́jọ́ míì, inú máa ń bí mi sí yín pé ẹ ò gbá mi létí lọ́jọ́ yẹn kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ míì, màá kàn máa sunkún. Lọ́jọ́ míì, àárọ̀ kan náà ni màá ṣe méjèèjì. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín ò bá yín dákẹ́ o, èmi ló wá ń pariwo sí nínú.

Lánàá, mo lọ sí ìsọ̀ yín. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo ka ibi méjèèje fún Ìyá Sìdí, mi ò fo nǹkan kan. Ilẹ̀kùn dún, èébú jáde. Mo rò pé á bínú. Ẹ̀rín ló ń rín, títí obì fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní mo ṣeun, Mórẹ́nikẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ọmọ ènìyàn. Ó ní Mórẹ́nikẹ́ onígbálẹ̀ yẹn máa ń ba òun lẹ́rù, ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ṣẹ̀ tí ò sọ̀rọ̀, òun rò pé ó máa pa ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ kan ni.

Mo délé, mo kó ìgbálẹ̀ kúrò nínú ìwé mi. Sìmbí ti ń jan ilẹ̀kùn báyìí. Ó ti ń tijú ìyá ẹ̀, ó ti ka ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ fún un. Ìyá ẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ họ òórùn ẹja kúrò lọ́wọ́, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ, ó bá géètì ní títì, ó padà wálé wá bẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni mo há sí. Mo mọ̀ pé olóòtú á bi mí pé kí ló wà nínú ìyá yìí bó ṣe jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn. Mo kọ ọ́ pé inú bí i, mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé ó dùn ún, mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé ó ti dárí jì í, mo pa ìyẹn náà rẹ́, torí ta ni mí tí màá máa fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti kọ ohun tó ṣe. Inú ẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ya ewé gbòdògì kan, mo fi há ibẹ̀. Bí olóòtú bá tẹ̀ ẹ́, kó tẹ̀ ẹ́. Bí ò bá tẹ̀ ẹ́, mi ò ní fi irọ́ dí àyè yẹn.

Màá wá sí Ibido, màá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín, màá ka gbogbo ẹ̀ sókè. Àmọ́ ìwé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà fún yín bó ṣe wà. Ó pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú. Wọ́n ní ilé ìwé ń kí òbí mi. Wọ́n ní ọmọ yín gba ẹ̀bùn, inú wọn á sì dùn tí ẹ bá lè wá jókòó pẹ̀lú wọn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, Màámi. Àlàrùbá ni.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tọ́wọ́ ẹ̀ yá.