Ìyá Ẹlẹ́ní Kọ́ Ló Ba Ẹ̀rọ Jẹ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú òjò tó ń rọ̀ lórí òrùlé yín bó ṣe ń rọ̀ lórí tèmi ní Múṣín níbí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Mo kí Bàbá mi. Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Adébáyọ̀ àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Ṣadé tí wọ́n ń bá yín gbé. Mo kí Bùọ̀dá Tíṣà, àbúrò yín, tí yóò ka ìwé yìí fún yín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á níta, kí wọ́n sì kà á sókè. Kí gbogbo ìlú lè gbọ́ ni mo ṣe gbé e fún oníwèé ìròyìn dípò kí n fi í sínú àpòòwé.

Ẹnì kan tó ti Ìkìrun dé lọ́jọ́sí sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi délé. Ó ní àwọn ènìyàn ń sọ pé Ìyá Ẹlẹ́ní, ìyá dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́, lọ sí Èkó, wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ọmọ wọn, ẹ̀rọ bú gbàù, iṣẹ́ ọmọ sì dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ojú lásán kọ́, àjẹ́ ni. Ó ní ẹnì kan tiẹ̀ bi yín, ẹ sì dákẹ́. Ìyá mi, n kò bá yín wí. Ẹ kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni Ìyá Ẹlẹ́ní dì mú.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Dókítà tó ni ibẹ̀, ọmọ ìlú wa ni wọ́n. Àwọn ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí n kò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. N kò kọ èyí láti fi bú wọn.

Iná tó ń wá láti òpó ojú pópó kò lágbára tó láti ya egungun. Àpótí irin ńlá kan wà ní igun yàrá wa, ó ga tó àyà mi. Tiransifọ́mà ni wọ́n ń pè é, ẹbí kan náà ni òun àti èyí tó wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yín. Nínú rẹ̀, wáyà méjì ni wọ́n wé mọ́ irin, wọn kò sì kan ara wọn. Ìwé àti òróró ló là wọ́n láàárín. Iná ojú pópó á gba inú wáyà àkọ́kọ́, èyí tí wọn kò wé púpọ̀. Bó ti ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀, á sọ irin náà di òòfà, òòfà yẹn á sì jí iná dìde nínú wáyà kejì, èyí tí wọ́n wé láìmọye ìgbà. Bí wọ́n bá ṣe wé e pọ̀ tó ni ipá iná tó ń jáde níbẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ipá yẹn ló ń ta iná kọjá nínú ìgò kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí iná náà bá ti lu irin tó wà ní ìpẹ̀kun ìgò, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí á jáde, òun ló ń gba inú ẹran ara kọjá. Bí mo bá ti jáwọ́ lára bọ́tìnnì tí mo fi ń tan ẹ̀rọ, ó parí.

Òróró inú àpótí náà kì í ṣe ti oúnjẹ. Òun ni kì í jẹ́ kí ó gbóná jù, òun náà ni kì í jẹ́ kí iná fò láti ara wáyà kan sí èkejì. Bí omi bá wọ̀ ọ́, bó ti wù kó kéré, iná á rí ọ̀nà gbà. Ẹ jọ̀wọ́, kí Bùọ̀dá Tíṣà ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì: àwòrán ọwọ́ kò fẹ́ ipá púpọ̀, torí pé ọwọ́ kò nípọn. Ìbàdí ló ń fẹ́ ipá.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni òróró ti ń sun jáde lábẹ́ àpótí wa. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, mo máa ń gbọ́ tá-tá-tá nínú rẹ̀, bí ìgbà tí iyọ̀ bá bọ́ sínú iná. Dókítà ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n Táíwò, tí wọ́n ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n Táíwò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mi orí. Wọ́n ní omi ti wọ òróró, kí a má lò ó mọ́ títí tí àwọn yóò fi tú u. Dókítà ní òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ohun tí wọn yóò fi tún un ṣe, náírà sì ti wálẹ̀, apá àwọn kò ká a. Irọ́ kọ́ ni. A wá fẹnu kò pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni a ó máa yà, ní ìwọ̀n tó kéré. Bí a ṣe ń fọgbọ́n lò ó nìyẹn.

Ìgbà náà ni Ìyá Ẹlẹ́ní wá kí ọmọ wọn. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n fi ìbàdí lulẹ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé wọn wọ yàrá mi. Nínú ìrora yẹn náà, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n ní ṣé ọmọ Ìyá Báyọ̀ kọ́ nìyí, èyí tó máa ń sùn lọ lórí ẹní tí àwọn bá tẹ́ sílẹ̀ tà.

Mo sọ fún Dókítà pé ìbàdí ni, ẹ̀rọ kò ní lè gbé e, ẹ jẹ́ ká gbé Ìyá lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní Yábàá. Wọ́n ní ṣé n kò rí òjò ni, ṣé n kò rí bí ọ̀nà ṣe dí. Mo tún un sọ. Wọ́n ní ìyá àwọn ló ń kérora yìí, kí n kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo wọ aṣọ òjé tí a fi ń dáàbò bo ara, mo lọ dúró ti Ìyá. Dókítà fúnra wọn ló yí ipá iná sókè tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì.

Ó dún gbàù. Ìdérí àpótí ṣí, òróró gbígbóná ta jáde, iná kú, èéfín bo yàrá. Òróró jó Dókítà lápá. Kò kan Ìyá rárá, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n ń ké títí tí èmi àti nọ́ọ̀sì fi gbé wọn jáde. Nínú òjò náà la gbé wọn dé Yábàá. Àwòrán tí wọ́n yà níbẹ̀ fi hàn pé egungun sán, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Ìsinmi ló fẹ́.

Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé. Àbúrò ọkọ Ìyá kan ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: gbogbo ayé ni ẹ̀rọ yìí ń yà, kí ló dé tó fi jẹ́ orí arúgbó yìí ló bú sí? Ó ní kí Ìyá jẹ́wọ́. Dókítà wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lápá, wọn kò fọhùn. Ìyá Ẹlẹ́ní kọ oúnjẹ. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n bi mí wẹ́lẹ́ pé ṣé ènìyàn lè ṣe ibi kó má mọ̀. Ìyá mi, omi bọ́ lójú mi. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín lókè yìí, lójú àwọn ẹbí. Mo ní ẹnikẹ́ni tí a bá ya ìbàdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó sanra, àpótí yẹn á bú. Àbúrò ọkọ Ìyá bi mí pé ta ló wá yí i sókè. Mo ro ti iṣẹ́ mi, mo ro ti yín. Mo ní Dókítà ni. Dókítà wo ìyá wọn títí, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì jáde. Ìgbà náà ni Ìyá ní kí n bu ẹ̀kọ fún àwọn.

Dókítà kò lé mi. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ, kò sí iṣẹ́. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú mi. Mo ti ń káàkiri àwọn ilé ìwòsàn láti Yábàá dé Ọ̀yìngbò, wọ́n kàn ń sọ pé kí n padà wá. Ẹ má retí nǹkan lọ́wọ́ mi báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, n kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bóyá ì bá dára kí n ti pe Dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká jọ sọ ọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rántí ìbéèrè Ìyá, ọkàn mi á sì le.

Wọn yóò gbé Ìyá Ẹlẹ́ní wálé ní ìparí oṣù yìí. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ẹ̀rù ilé ń bà wọ́n ju ìrora ìbàdí lọ. Wọ́n bi mí pé ta ni yóò jáde wá pàdé àwọn. N kò tíì béèrè lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n mo ti dáhùn: mo ní ìyá mi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n di òpùrọ́. Ẹ ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ yín lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì dì mọ́ wọn níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí yín.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Ẹ kò ní ṣubú, a kò ní fi ẹ̀sùn tí kì í ṣe tiyín kàn yín láé. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, àgbà àti èwe.

Èmi ni, ọmọ yín,
Dúpẹ́