Ohùn Dèjì, Fèrè Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, 2025

Ìdánrawò lẹ́yìnkùlé Bọ̀dá Gbádégẹṣin, nínú ilé tí wọ́n ti ń fọ́ èkùrọ́ tẹ́lẹ̀. Ohùn Olóhùn já láàárín orin kẹta. (Dèjì ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan.) Ó wúkọ́, ó mu omi, ó tún gbìyànjú — afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mo gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, mo fi fèrè parí rẹ̀. Joel bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlù rẹ̀ palẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún rèé tí àwa mẹ́rin ti ń ṣe rẹ́gẹ̀ ní Òkìtìpupa. Dèjì ń kọrin, èdè Ìkálẹ̀ ló fi ń kọ ọ́. Bọ̀dá Gbádégẹṣin ń ta gìtá béèsì. Joel ń lu ìlù. Èmi ń fọn sasofóònù, òun ni mo ń pè ní fèrè, mo sì ń ti jáàsì bọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n bá ti fún mi láyè. Àyè náà kì í pọ̀.

Ó ti rẹ gbogbo wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìwé ìdánwò ìṣirò méjìlélọ́gọ́rin ló kù tí mi ò tíì máàkì. Ọrùn ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Susan, ìyàwó Dèjì, pè mí nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ rí nǹkan tó hù sí ọ̀nà ọ̀fun ọkọ rẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí Agatha, ṣé ohùn rẹ̀ á padà báyìí?" Mo ní á padà. Kí ni mo mọ̀ nípa ọ̀fun?

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù wa ní Igbódìgò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ fèrè nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Lónìí wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún Dèjì. Alàgbà kan ní kó gé irun dàda yẹn kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Èmi náà kúnlẹ̀. Mo gbàdúrà — ṣùgbọ́n kí n má parọ́ níbí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ já, tí mo gba orin náà, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ mi. Nígbà tí a ṣe àwo wa kejì, ó yọ fèrè mi kúrò nínú orin márùn-ún, ó ní jáàsì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo kàn ń retí ọjọ́ tó máa dákẹ́.

Ẹni tó ń retí irú ìyẹn, àdúrà wo ló ń gbà fún un?

Ọjọ́rú, 12

Wọ́n ti ṣe é. Ó yè. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún oṣù kan, kódà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ọjọ́ ìlú ní Ìkọ̀yà ku ọ̀sẹ̀ méjì. A ti ṣèlérí láti oṣù Kejìlá pé a máa ṣeré níbẹ̀. Bọ̀dá Gbádégẹṣin ní ká ránṣẹ́ pé a ò lè wá. Mo ní ká lọ, ká ṣeré láìsí orin ẹnu. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní:

"Ìyá Joy, ta ló máa wà níwájú?"

Mo ní fèrè ni.

Joel ò gbójú sókè. Ó ní, "Ó jọ pé ẹ ti múra sílẹ̀ tipẹ́, Àǹtí."

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo ti tún gbogbo orin náà tò. Béèsì àti ìlù wà bí wọ́n ṣe wà — rẹ́gẹ̀ ni, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù — ṣùgbọ́n gbogbo ohùn òkè ti di tèmi. Mo ń jáde nínú orin, mo ń rìn káàkiri, mo ń padà nígbà tó bá wù mí. Ètè mi ti bó. Inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Ìkọ̀yà. Lẹ́yìn orin kejì, bàbá kan tó jókòó níwájú bi Joel pé ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rò pé a ṣì ń dán ẹ̀rọ wò ni.

Orin kẹta, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Orin kẹrin ni èyí tí Dèjì kọ nípa ìyá rẹ̀ tó ń ṣe epo pupa ní Àkótógbò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fèrè sẹ́nu ni àwọn obìnrin kan lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ ọ́. Kí n tó mọ̀, gbogbo pápá ti gbà á.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo yọ ọ̀rọ̀ kúrò, wọ́n tún kó o padà wá. Mo fọn ọ́n sókè kí n lè bò wọ́n. Àwọn náà gbé ohùn sókè. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí. Mo rọra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa ń dá Dèjì lóhùn, ìlà kan, ìlà kan. Ìgbà yẹn ni wọ́n dìde, tí wọ́n jó.

Susan fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ó ti fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Olóhùn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. "Mo ti gbọ́ ọ." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo wọkọ̀ lọ sí Àkótógbò lẹ́yìn iléèwé. Ilé ìyá rẹ̀ ló ti ń sinmi. Ìyá náà gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, fún mi. Ògì tó ti tutù ni Dèjì ń mu. Ó ti rù. Síléètì Ìdáraolúwa, ọmọ rẹ̀, ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn ará Ìkọ̀yà ṣi ẹsẹ kejì kọ. A rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ láìní ohùn.

Ó nu síléètì náà, ó tún kọ ọ́: "Ṣé inú rẹ dùn lọ́jọ́ náà?"

Mo ní òde náà lọ dáadáa, a dúpẹ́. Ó mi orí, ó tún fi ìka tọ́ka sí ìbéèrè náà. Mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ á ṣòro. Mo dìde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Dèjì wá sí ìdánrawò. Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohùn náà há, ó kéré. Ó ní ká jókòó. Dókítà ti sọ fún un pé á máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọrin mọ́ láéláé. Bọ̀dá Gbádégẹṣin fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Joel jáde, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Dèjì yíjú sí mi. "Ìyá Joy, o ò tíì dá mi lóhùn."

Ǹ bá ti parọ́. Mo ní, "Inú mi dùn, Dèjì. Láti ọjọ́ tí ohùn rẹ ti já ni. Mo sì ti ń bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí nítorí rẹ̀."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó ní, "Mo mọ̀. Kí lo rò pé ó fà á tí n kì í fi í dákẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ìwọ ni wọ́n máa gbọ́."

Ó wá mú gìtá kékeré tó máa ń gbé kọ́ ọrùn nígbà tó bá ń kọrin, ó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Joel, lẹ́yìn pátápátá. Ó béèrè pé orin wo. Bọ̀dá Gbádégẹṣin juwọ́ sí mi pé kí n bọ́ síwájú, níbi tí Dèjì máa ń dúró sí.

Mi ò lọ. Mo dúró síbi tí mo ti ń dúró láti ọdún mọ́kànlélógún. Joel ka ení, èjì, a bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sẹ́ni kankan níwájú.